Ẹ̀rí Mi Ni Wọ́n Fi Ń Tọrọ Owó

Bí ìwọ tí ò ń ka èyí bá jẹ́ ẹni tí ìpayà ti sọ di ẹrú nínú ilé ara rẹ̀, fìdí kalẹ̀, jẹ́ ká sọ̀rọ̀. N kò wá tàn ọ́. Wọ́n ti tan èmi tó, inú sì ń bí mi títí di òní. N kò ní tọrọ àforíjì fún inú tó ń bí mi, nítorí ó wà lára ohun tó gbé mi dìde lórí ibùsùn.

Ṣadé ni orúkọ mi, Iléṣà ni wọ́n bí mi sí. Èmi àti Délé ọkọ mi dé Houston nígbà tí epo rọ̀bì ṣì ń mówó wọ̀lú, tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé níbí ń sọ pé òun ò ní pẹ́ padà sílé. Délé ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà, èmi ń kọ́ ìṣirò owó. Nígbà tí mi ò bá sí ní kíláàsì, mo máa ń dúró sídìí káńtà ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń ta epo mọ́tò, bíà àti búrẹ́dì. Àpátímẹ́ǹtì kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Houston là ń gbé pẹ̀lú Tolú ọmọbìnrin wa, tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé nígbà náà.

Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀. Oòrùn mú débi pé ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ọkùnrin kan wọlé, ó mú páálí mílíìkì kan, ó gbé e sórí káńtà. Mo bojú wo páálí náà kí n lè rí iye rẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi gbójú sókè, ẹnu ìbọn ti wà níwájú orí mi. Mo kó gbogbo owó fún un. Ó gbà á, ó tì í bọ àpò. Lẹ́yìn tó gbà á tán ló wá fọwọ́ fa ìbọn náà pé kó yìn. Ó dún kẹ́. Kò yìn. Ọkùnrin náà wo ìbọn yẹn bí ẹni tí rédíò rẹ̀ kọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, ó sì rìn jáde. Kò tilẹ̀ sáré.

Ọlọ́pàá ní orí mi bá mi ṣe é. Ọ̀gá mi náà ní orí mi bá mi ṣe é, ó sì ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Bùọ̀dá Káyọ̀dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó ń gbé ní Sugar Land, ní ká múra ìdúpẹ́, pé ikú ti yẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń dúpẹ́. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò tíì kúrò níwájú mi.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Mo ń gé àlùbọ́sà, ọ̀bẹ ń jó lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, n kò lè fojú rí páálí mílíìkì mọ́. Délé ló ń da ti Tolú sínú ife kí n tó jí. Kí n tó jí kẹ̀? Ṣé mo sùn ni? Mo máa ń dùbúlẹ̀ kí ojú mi ranjú mọ́ àjà títí ilẹ̀ á fi mọ́. N kò lè jókòó kí n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Oúnjẹ di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu mi. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, màá pariwo. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo fi ìwé sílẹ̀. Bí o bá ń rí irú èyí lára rẹ, má ṣe jẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ pé àárẹ̀ lásán ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin tó máa ń wá fín oògùn aáyán kan ilẹ̀kùn wa. Mo gbá Tolú mú, mo wọ́ ọ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fọwọ́ bo ọmọ náà lẹ́nu. Délé tó ń wẹ̀ lọ́wọ́ ló gbọ́ gìrìgìrì. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ojú Tolú ti yọ síta.

"Ṣadé, ọwọ́ ẹ! Gbé ọwọ́ ẹ kúrò!"

Mo gbé e kúrò. Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó wá bú sẹ́kún. Ọjọ́ yẹn ni ọkọ mi gbà pé àìsàn ni.

Bùọ̀dá Káyọ̀dé ò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àga wa, wọn ò tilẹ̀ bọ́ bàtà.

"Délé, gbọ́ mi dáadáa. Wèrè ò sí nídìílé wa. Tó o bá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà orí, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì títí ayé. Ṣé o fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa ní Houston máa nawọ́ sí wa ni? Ẹ̀mí ìbọn ló bá a wálé. Wòlíì á yanjú ẹ̀."

Ilé àdúrà náà wà ní Stafford, nínú ilé gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹrù tẹ́lẹ̀. N kò ní bú ìjọ; inú rẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi, inú rẹ̀ ni mo ṣì wà. Ohun tí wọ́n ṣe fún mi ni mò ń sọ. Wọ́n fi ebi pa mí ní orúkọ ààwẹ̀. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́ta sì gbá mi mú lẹ́yìn, èmi tí n kò lè gbà kí ìka kan ṣoṣo kàn mí lẹ́yìn! Mo bu ọ̀kan nínú wọn jẹ. Wọ́n ní ẹ̀mí àìmọ́ ló bù ú jẹ. Irọ́ ni. Eyín mi ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Wòlíì ní kí n jáde síwájú wá jẹ́rìí pé mo ti rí ìwòsàn.

Mo rọra sọ fún wọn pé, "Bàbá, n kò tíì sùn."

Wọ́n ní, "Ẹnu ni a fi ń gba ìwòsàn, ọmọ mi. Kọ́kọ́ jẹ́rìí ná, ara á tẹ̀ lé e."

Mo jẹ́rìí. Ìjọ hó yèè. A dé ilé, mo wọ balùwẹ̀, mo tìlẹ̀kùn mọ́ra mi di ìrọ̀lẹ́.

Délé wá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba láìsọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àwa tí kò ní ìwé adójútòfò ìlera, ibẹ̀ ni tiwa. A dé ibẹ̀ ní ìdájí, èrò ti ta yọ sí kọ́rídọ̀. A jókòó sórí àga oníke títí ìdí fi kú. Obìnrin kan ń bá ògiri sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan fi aṣọ inura di ọwọ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tó kàn mí, dókítà kan tó jọ pé òun gan-an ò sùn bi mí bóyá mò ń gbọ́ ohùn. Mo ní rárá. Ó kọ oògùn fún mi, ó ní kí n padà wá nígbà tí oṣù bíi mélòó kan bá ti kọjá. Oògùn náà sọ mí di igi. Mo ń sùn, àmọ́ inú oorun náà ni ọkùnrin yẹn ti ń dúró dè mí, n kò sì lè jí sá fún un.

Lọ́rẹ́ènì, òyìnbó tó ń gbé ní òdìkejì ilẹ̀kùn wa, ló mú ọ̀rọ̀ dókítà onírùngbọ̀n kan wá. Ọkọ Lọ́rẹ́ènì ti lù ú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Lọ́rẹ́ènì tó kọ̀ ọ́ sílẹ̀, òun náà sì ti máa ń gbọ̀n rí bíi tèmi. Ó ní dókítà kan wà tó ń fún ènìyàn ní oògùn tuntun kan lábẹ́ àmójútó ara rẹ̀, tí yóò sì jókòó tì í láti àárọ̀ títí tí oògùn náà á fi kúrò lára. Ó ní ó wà lára àwọn oògùn tó ń yí ojú inú ènìyàn padà, pé kò sí òfin tó dè é nígbà náà, àmọ́ kò sí ilé ìwòsàn tó ń fún ènìyàn.

Délé bi í pé, "Ṣé ó yá ìwọ lára?"

Lọ́rẹ́ènì ní, "Ṣé ẹ̀yin náà ò rí mi ni?"

Lóòótọ́, a rí i. Ara rẹ̀ yá. N kò ní purọ́ mọ́ ọn títí màá fi kú.

N kò ní dárúkọ dókítà náà. Onírùngbọ̀n ni màá máa pè é. Ilé rẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú páálọ̀ kan tó tutù, tí òdòdó wà lójú fèrèsé. Kò wọ aṣọ funfun. Ó fún mi ní kápúsù kan, ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, eyín mi ń há mọ́ra wọn, ara mi sì móoru bí ìgbà tí ìyá ẹni bá pọn ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ìbọn náà. Èdè Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́, n kò tilẹ̀ mọ̀. Mo tún rí ọkùnrin yẹn, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo lè wò ó. Ọmọdé ni. Ètè rẹ̀ gbẹ. Àyà òun náà ń já. Mo sunkún fún un, mo sunkún fún ara mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sùn bí ọmọ tuntun. Láàárọ̀, mo gbé páálí mílíìkì, mo da ti Tolú sínú ife. Délé dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń wò wá.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ara mi fi dá. Nígbà náà ni Onírùngbọ̀n sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ òyìnbó ti ń gbé oògùn yìí mì nílé ijó, ìjọba sì ti ń múra láti fòfin dè é. Ó ní bí wọn ò bá tètè rí owó fi ṣe ìwádìí, kí wọ́n dán an wò lára eku àti ajá, kí wọ́n tó wá ṣe é lára ènìyàn níwájú àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀, ilẹ̀kùn á tì. Àwọn olówó epo kan fẹ́ dáwó. Ó fẹ́ kí n wá sọ ìtàn mi fún wọn níbi oúnjẹ ọ̀sán kan.

Tayọ̀tayọ̀ ni mo gbà. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Ó ní kí n tún wá lo oògùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i ṣáájú ọjọ́ náà, kí ó lè múlẹ̀ lára mi. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni wọ́n pa mí. Oògùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gun orí mi ni fóònù dún. Ọ̀kan nínú àwọn olówó náà ni. Onírùngbọ̀n dìde lọ, ó padà, fóònù tún dún, ó tún dìde. Nígbà tó yá kò padà mọ́. Ọmọbìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ ló fi tì mí. Ọkùnrin oníbọn wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbọn náà yìn. Ó yìn, ó tún yìn. Mo ń kígbe pe dókítà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ ní yàrá kejì, ó ń rẹ́rìn-ín sínú fóònù. Ọmọbìnrin yẹn di ọwọ́ mi mú, kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ó burú ju ti àtijọ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀kùn ni mò ń bẹ̀rù. Ní báyìí, mò ń bẹ̀rù orí ara mi. Mo fóònù dókítà, ẹ̀rọ tó ń gba ìpè sílẹ̀ ló ń dá mi lóhùn. Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà gbé e, ó ní dókítà ń sáré owó ìwádìí káàkiri, pé kí n ní sùúrù, ó máa ń ṣẹlẹ̀.

Mo bi í pé, "Sí àwọn mélòó ló ti ṣẹlẹ̀?"

Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbi oúnjẹ ọ̀sán yẹn, dókítà ní kí ẹ sọ ti ẹ̀ẹ̀kíní nìkan."

Ìgbà tí Bùọ̀dá Káyọ̀dé gbọ́ pé mo tún ti wó lulẹ̀, wọ́n ní ká padà sọ́dọ̀ Wòlíì. Délé dìde dúró. N kò rí i rí kó dìde dúró níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbá ìyàwó mi mú lẹ́yìn mọ́."

Wọ́n bínú lọ. A ò rí wọn fún ìgbà pípẹ́.

Èmi sì lọ síbi oúnjẹ ọ̀sán náà. Délé ní kí n má lọ, mo ní màá lọ. Ilé ńlá kan ni, pápá gọ́ọ̀fù wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi ẹja àti wáìnì ṣe wá lálejò. Onírùngbọ̀n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló pè mí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀yìn àga mú. Mo sọ ti ìbọn. Mo sọ ti ẹ̀ẹ̀kíní. Mo rí i tó ń mi orí, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wá ní:

"Ó kù. Ẹ̀ẹ̀kejì, oògùn yìí fọ́ mi sí wẹ́wẹ́, dókítà mi ò sì sí nítòsí, torí pé ẹ̀yin ló ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹ dáwó. Mo bẹ̀ yín, ẹ dáwó. Àmọ́ ẹ bi í pé àwọn tí kò yá ńkọ́, níbo ni wọ́n wà? Ta ló ń jókòó tì wọ́n?"

Omi ń ṣàn lójú mi. Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́.

Wọ́n dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́! Obìnrin tó ni ilé náà wá di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní mo láyà, ó ní òun lè jókòó máa gbọ́ ohùn mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bí mo ṣe ń pe ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí òun. Ó béèrè ìlú tí mo ti wá. Kò béèrè ohun mìíràn. Lẹ́yìn rẹ̀, mo rí i tí ọkọ rẹ̀ ń kọ sọ̀wédowó. Onírùngbọ̀n dì mọ́ mi, ó sọ sí mi létí pé, "O ṣe é ju bí mo ṣe rò lọ."

Délé, tó dúró sẹ́yìn yàrá náà ní gbogbo àkókò yẹn, ló wà mí délé. Lórí fíríwéè, títì márosẹ̀ wọn, ó ní, "Ṣé wọ́n gbọ́ ohun tó o sọ ṣá?"

Mo ní, "Ohùn mi ni wọ́n gbọ́."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin de oògùn náà. Ilé ijó àti páálọ̀ dókítà, àgádágodo kan náà ni wọ́n fi tì wọ́n. Onírùngbọ̀n kó kúrò ní ìlú. Kò pè mí, kò pe Lọ́rẹ́ènì. Wọ́n gbé wa gun ọ̀pẹ tán, wọ́n fa igbà yọ. Ohun tí wọ́n fi owó àwọn olówó epo ṣe, kò sẹ́ni tó sọ fún àwa tí wọ́n fi ojú wa gbà á.

Inú ń bí mi sí dókítà náà, ó sì ń bí mi sí ìjọba bákan náà. Ẹni tó fi òfin tì í ò bi mí ní ìbéèrè kankan, bí ẹni tó ń tà á ò ṣe bi mí. Oògùn tó lè mú kí n da mílíìkì fún ọmọ mi lẹ́ẹ̀kan, tó tún lè fọ́ mi lẹ́ẹ̀kejì, ṣé ìyẹn ò tó ohun tí wọ́n ń náwó lé lórí láti mọ ìdí rẹ̀? Ó tó. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé mo ní kí wọ́n má ṣe ìwádìí purọ́ mọ́ mi. Kí wọ́n ṣe é ní gbangba. Kí wọ́n ka àwa tó bàjẹ́ mọ́ àwọn tó yá. Kí owó tí wọ́n bá dá sanwó ẹni tó máa jókòó tini. Ẹ̀rí tí wọ́n ti gé apá kan sọnù, owó ni wọ́n fi ń tọrọ, kì í ṣe òtítọ́.

Èmi padà sórí àga oníke nílé ìwòsàn ìjọba. N kò ní ibòmíràn. Níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì àgbà kan, obìnrin adúláwọ̀ ọmọ ìlú yìí, ti rí mi tí mo fi ẹ̀yìn ti ògiri, tó sì bi mí pé, "Ọmọ mi, ta ló yọ ìbọn sí ọ?" Bí ó ṣe mọ̀, n kò mọ̀. Ó mú mi lọ sínú ẹgbẹ́ kan tó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ jẹ́ ọkùnrin tó ti jagun rí. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí o bá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́. Bí o bá dákẹ́, wọ́n á bá ọ dákẹ́. Wọ́n yí oògùn mi padà títí wọ́n fi rí èyí tí kò sọ mí di igi. Ó falẹ̀. Ó falẹ̀ gan-an ni. Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni yóò fi wò ọ́ sàn, yálà ó wọ sùtánà tàbí ó dá irùngbọ̀n sí, bi í léèrè ibi tí yóò wà bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́. Kí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá ọ lọ. Má jẹ́rìí kí ara rẹ tó yá. Bí wọ́n bá sì fi àìsàn rẹ ṣe ohun ìtìjú fún ìdílé, jẹ́ kí ojú tì wọ́n. Ìwọ ṣáà gba ìtọ́jú.

Lọ́rẹ́ènì ṣì ń gbé ní òdìkejì wa. Bí mo bá ń bú Onírùngbọ̀n, yóò yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó rí ìwòsàn níbẹ̀, èmi ò rí i. A ti gbà pé òtítọ́ ni méjèèjì.

Ní báyìí, mo ti parí ìwé mi. Mò ń ṣe ìṣirò owó fún ilé ìtajà àga kan ní Stafford, èmi fúnra mi ni mo sì ń wa mọ́tò lọ. Mo ń lo oògùn. Mo ń sùn lọ́pọ̀ ọjọ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí n kò ní lè kúrò nínú yàrá. Délé á pe ibi iṣẹ́ pé ara mi ò yá, kò sì ní parọ́ pé ibà ni.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, èmi àti Tolú lọ sí mọ́ọ̀lù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni táyà ọkọ̀ akẹ́rù kan bẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, gbòà! Kí n tó mọ̀, mo ti dojú bolẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò wa. Àwọn ènìyàn dúró ń wò mí. Tolú kò ké. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi níbi tí mo ti lè rí i, kò fọwọ́ kàn mí.

Ó ní, "Mọ́mì, táyà ni. Mo rí i."

Mo mí. Mo tún mí. Mo dìde fúnra mi, mo gbọn eruku orúnkún mi dànù, a sì wọlé lọ ra bàtà rẹ̀.